Páswọ́ọ̀dù Sikirat

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹjọ, 1999

Òjò láti àárọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi kúrò ní Ọ̀fàtẹ̀dó kò fo kòtò kan, àfi bí ẹni pé wọ́n ń sanwó kòtò fún un. Tèmi ti bàtà tútù ni mo fi dé Iléṣà.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní agogo mẹ́wàá. Dókítà Ọlágòkè, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Àgbà nítorí òun ni olórí ilé ìwòsàn, ló wà lórí àga ńlá. Mátíróònù jókòó lápá ọ̀tún, Àlúfáà tó ń ṣojú ìjọ jókòó lápá òsì. Ọ̀rọ̀ Sikirat ni, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Èsì ẹ̀jẹ̀ aláboyún kan ló jáde síta kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ọjà ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, ó sì ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Itagunmodi.

Èmi tí mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí n mú àkọsílẹ̀ sáfà wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ìyókù ti ń gba èsì. Ó hàn nínú rẹ̀ pé orúkọ Sikirat ni wọ́n fi ṣí èsì náà, láti orí kọ̀ǹpútà yàrá oògùn, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Sikirat ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ ni, Mátíróònù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Mo rò pé ìyẹn ti gbà á sílẹ̀. Àlúfáà ní kò gbà á sílẹ̀ rárá, pé ó túmọ̀ sí pé ó fi páswọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Sikirat fi Ọlọ́run búra pé òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ òun.

Dókítà Àgbà wá yíjú sí mi. "Ìyáàfin Fáṣínà, ìwọ lo to ẹ̀rọ yìí. Ǹjẹ́ ẹnì kan lè mọ páswọ́ọ̀dù ọmọ yìí láìjẹ́ pé òun ló sọ ọ́?"

Mo ní, "Rárá, sà. Kò ṣeé ṣe."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọrùn gígùn. Sikirat wò mí. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé títí di Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án. Bí kò bá rí àlàyé gidi ṣe lọ́jọ́ náà, wọn yóò lé e, wọn yóò sì kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí ilé ìwòsàn mìíràn má baà gbà á.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹjọ

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo ń jẹ ẹ̀pà, ni ọ̀rọ̀ àná ṣàdédé já lù mí. Mo ká ìyókù ẹ̀pà náà sínú bébà rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá tí mo ń to sáfà, ọ̀nà ìwọlé méjì ni mo kà nínú ìwé. Mo mú èyí tó rọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní Bésíìkì. Mo ní n óò padà wá tún un ṣe. Ta ló padà?

Nínú Bésíìkì, sáfà á ní, "N kò mọ̀ ọ́." Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ wọlé á dáhùn pé, "Èmi lágbájá ni, páswọ́ọ̀dù mi rèé." Á sì tún un sọ lórí gbogbo ojú ewé tí ó bá ṣí, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n máa ń yí lẹ́tà rẹ̀ po díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á tú u kí ó tó mu omi tán. Àpótí kan ṣoṣo sì ni gbogbo wáyà ilé ìwòsàn wa ti pàdé, ohun tí kọ̀ǹpútà kan bá sọ, gbogbo ìyókù ló ń gbọ́. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ni kì í jẹ́ kí wọ́n fetí sí i.

Ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹjọ

Kí n má baà máa tan ara mi jẹ, mo dán an wò. Mo fi ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà mi, èyí tó ń fetí sí wáyà, mo sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Páswọ́ọ̀dù Mátíróònù jáde. Ti Silas tó jẹ́ ọ̀gá láàbù jáde. Ti nọ́ọ̀sì mẹ́ta jáde. Mo pa á kíá, mo pa gbogbo ohun tó kó rẹ́. Ojú tì mí bí ẹni tó yọjú wo ilé ìwẹ̀.

Ìwọ̀nba tòmátì díẹ̀ báyìí, ogójì náírà. Ẹ gbà mí o.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹjọ

Èrò ọdún Ọ̀ṣun ṣì kún Òṣogbo. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá mi, àwọn tó bá wọn ṣọdún ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, n kò ráyè sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọkọ mi, Bàbá Shalom, ni mo sọ ọ́ fún nígbà tí mo délé. Mo ṣàlàyé ètò mi fún wọn: n óò kọ́kọ́ tún sáfà ṣe ná, tí ó bá ti dára tán, n óò lọ sọ fún Dókítà Àgbà pé àléébù kan ti wà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti yanjú rẹ̀.

Bàbá Shalom ń tún rédíò ṣe. Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ilé ń jó, o fẹ́ kọ́kọ́ kùn ún lọ́dà."

Mo bínú sí wọn. Ìbínú náà pẹ́ díẹ̀ nítorí òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹjọ

Awóṣọlá tí a jọ kàwé, tó wà ní Ìbàdàn báyìí, fi dísíkẹ́ẹ̀tì kan rán awakọ̀ sí mi. Ìwé àdéhùn tuntun ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí lókè òkun gbé jáde ní oṣù kẹfà yìí, lórí bí sáfà àti ẹni tó fẹ́ wọlé ṣe ń dá ara wọn mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó lé ní ọgbọ̀n ojú ewé. Ọ̀nà kejì tí mo fò nígbà náà wà nínú rẹ̀, Dáíjẹ́sìtì ni wọ́n ń pè é. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ibì kan ń yé mi, ibì kan ń wò mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹjọ

Àpìkẹ́ àbúrò mi ló ń ṣe jéléósinmi lẹ́yìn ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni Shalom wa ń lọ fún ẹ̀kọ́ ìsinmi. Mo tètè dé lónìí, mo ní kí n yà mú ọmọ mi. Olùkọ́ tuntun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ló béèrè pé kí ni Shalom gbé wá jẹ lónìí.

Èmi tí mo kúrò nílé ní agogo mẹ́fà, níbo ni n óò ti mọ̀? Mo ní ìrẹsì ni. Ó ní ẹ má bínú mà, kì í ṣe ìrẹsì. Mo pe Àpìkẹ́. Ọmọ ìyá mi, tí mo gbé pọ̀n, jáde wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òfin ni. Láti ìgbà tí ẹnì kan ti fẹ́ wá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ lọ́dún tó kọjá, àárọ̀ ni wọ́n ti ń ṣí abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní mú ọmọ. Ó ní bí òun bá yọ̀ǹda fún ẹ̀gbọ́n òun, ọ̀la ni gbogbo ayé á di ẹ̀gbọ́n òun.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, títí Bàbá Shalom fi dé. Wọ́n ní, "Mọ́ínmọ́ín àti gaàrí." Olùkọ́ náà fún wọn lọ́mọ.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Dáíjẹ́sìtì ti yé mi. Sáfà kò ní kí o sọ páswọ́ọ̀dù rẹ. Ìbéèrè tuntun ló máa ń bi ọ́, nọ́ńbà kan tí kò lò rí. Kọ̀ǹpútà rẹ á po nọ́ńbà náà mọ́ páswọ́ọ̀dù rẹ, á lọ̀ wọ́n kúnná, ohun tó bá kù níbẹ̀ ni á fi ránṣẹ́. Sáfà náà á lọ ti ọwọ́ rẹ̀. Tí méjèèjì bá bára mu, wọlé. Ẹni tó bá fetí kọ́ ìdáhùn òní, mọ́ínmọ́ín àná ló gbé lọ́wọ́, kò wúlò fún un lọ́la. Páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò kúrò nílé.

N kò sọ fún Àpìkẹ́ pé ó kọ́ mi ní nǹkan. Orí rẹ̀ á wú jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Kẹjọ

Ó ṣiṣẹ́! Mo ti fi Dáíjẹ́sìtì sórí sáfà. Bó ṣe rí ni pé nígbà tí sáfà bá ti ní "n kò mọ̀ ọ́", á to àwọn ọ̀nà tí òun gbà sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọlé á sì mú èyí tí òun mọ̀. Mo fi Bésíìkì àti Dáíjẹ́sìtì síbẹ̀ pọ̀, kí àwọn kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà má baà dúró síta. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ijó náà ti yá jù. Mo tún fetí sí wáyà, kọ̀ǹpútà Mátíróònù tó jẹ́ tuntun, tó gbọ́ Dáíjẹ́sìtì dáadáa, ṣì ń pariwo páswọ́ọ̀dù rẹ̀ bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wá ìdí. Bésíìkì ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́. Ìwé àdéhùn ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé mú èyí tó lágbára jù nínú ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí kò ka ìwé dé ibẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló ń mú. Mo gbé Dáíjẹ́sìtì sókè, Bésíìkì sísàlẹ̀. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìlà kan péré!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sílé Sikirat. N kò lè fara dà á mọ́. Inú ilé kékeré kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ó ń fọ aṣọ. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, òun náà dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Bésíìkì, wáyà, ohun tí mo mọ̀ lọ́dún tó kọjá, ohun tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ wá sọ fún mi, mà. Ṣé èmi ni mo lé ara mi sílé?"

Kò gbé ohùn sókè. Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Mo fi omi náà sílẹ̀, n kò lè mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀, mo kan ilẹ̀kùn Dókítà Àgbà. Mo dúró, n kò jókòó. Mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, pé mo pa á nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ohun tí mo tò ń jò.

Bí wọ́n bá ti ń bínú, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà gidi. Mo gbọ́ ìdajì, ìdajì náà sì tó mi. Nígbà tó yá, wọ́n nu awò wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ohun tí ojú àwọn bá rí nìkan ni àwọn gbà. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, kí n fi hàn wọ́n ní ìṣojú gbogbo ènìyàn pé ó ń jò lóòótọ́, kí n sì fi hàn wọ́n pé mo ti dí i. Bí n kò bá lè ṣe èkíní, ọ̀rọ̀ Sikirat dúró bó ṣe wà, nítorí ẹnu tó ní kò ṣeé ṣe náà ló wá ń sọ pé ó ṣeé ṣe. Bí n kò bá lè ṣe èkejì, àwọn yóò pa ẹ̀rọ náà, a óò padà sí káàdì.

Mo jáde. Síbẹ̀ àyà mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Kọ̀ǹpútà méje ló wà lórí wáyà. Mẹ́ta gbọ́ Dáíjẹ́sìtì. Mẹ́rin tó kù, ti láàbù méjì, ti yàrá oògùn, ti àwọn tó ń gba aláìsàn sílẹ̀, Bésíìkì nìkan ni wọ́n gbọ́, kí n to ìlà bó bá ṣe wù mí. Níwọ̀n ìgbà tí sáfà bá sì ti ń gba Bésíìkì, olè kò ní mú ọ̀nà mìíràn. Kí ni àǹfààní kí a fi kọ́kọ́rọ́ ńlá ti ẹnu ọ̀nà iwájú, kí a wá fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu?

Mo pa Bésíìkì rẹ́ kúrò nínú ohun tí sáfà gbà.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí Silas fi dé láti láàbù pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti tì wá mọ́ta." Ó ní "401" ló kún ojú kọ̀ǹpútà òun, ó béèrè bóyá nọ́ńbà ilé mi ni. Bí sáfà ṣe ń sọ pé òun kò mọ ènìyàn nìyẹn. Láti ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ ni èsì yóò máa fi rìn dé wọ́ọ̀dù. Ní ọ̀sán, obìnrin kan nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ìwé èsì rẹ̀ gba inú òjò kọjá, ó rin gbindin kó tó débẹ̀, wọ́n ní láti padà lọ kọ òmíràn. Obìnrin náà yè. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Silas.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí epo. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, wọ́n ti fi ogún náírà lé owó ọkọ̀. Kò sí iná. Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Awóṣọlá tún fi síídì kan ránṣẹ́, ètò tuntun tó gbọ́ Dáíjẹ́sìtì ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà láàbù kò ní ibi tí wọ́n ń ki síídì sí. Mo gé e sí orí dísíkẹ́ẹ̀tì, ó gba mẹ́rìndínlógún. Mo ń kì í bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrìnlá bàjẹ́. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Silas dúró tì mí, ó ń ka dísíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ka ọmọ sójú ìwé. Nígbà tó di ìkẹrìndínlógún ó lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi. Mo mọ̀ pé ó ti ń dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Láàbù wọlé! Wọ́n wọlé, ojú ewé àkọ́kọ́ ṣí, Silas pàtẹ́wọ́. Ó tẹ nọ́ńbà aláìsàn kan láti wá èsì rẹ̀. 401. Ó tún un tẹ̀. 401. Ó wò mí. Mo wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ó ṣì ń kọ̀.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rí i! Mo rí i, mo rí i! Ojú ewé tí kò ní àmì ìbéèrè nínú àdírẹ́sì rẹ̀ ń ṣí, èyí tó bá ní in kì í ṣí. Nígbà tí Silas bá tẹ nọ́ńbà aláìsàn, ẹ̀yìn àmì ìbéèrè ni nọ́ńbà náà ń bọ́ sí. Sáfà ń lọ àdírẹ́sì náà tòun ti nọ́ńbà rẹ̀, ètò tuntun náà ń já a sílẹ̀ kí ó tó lọ̀ ọ́. Ẹni méjì ń lọ ata kan náà, ọ̀kan fi àlùbọ́sà sí i, èkejì kò fi sí i, báwo ni adùn rẹ̀ ṣe fẹ́ bára mu? N kò lè yí èyíkéyìí nínú wọn lọ́kàn padà. Mo kàn yí ojú ewé mi, kí nọ́ńbà aláìsàn máa lọ nínú àpò lẹ́tà dípò ẹ̀yìn àpò. Àmì ìbéèrè parẹ́. Èsì ṣí.

Silas ní kí n lọ sùn. Mo ní agogo méjì ọ̀sán ni. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Kọ̀ǹpútà yàrá oògùn ló kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń kó nǹkan kúrò lórí rẹ̀ láti wá àyè, mo bá ètò kan nínú kọ̀rọ̀, ètò tó ń fetí sí wáyà, irú èyí tí mo fi dán an wò gan-an. Oṣù keje ló ti wà níbẹ̀. Barnabas ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Mo pe Mátíróònù kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mátíróònù ní Barnabas yẹn, ìbátan ìyá ọkọ obìnrin Itagunmodi yẹn ni.

Mo fẹ́ sáré lọ sọ fún Sikirat. Mo rántí ohun tó bi mí, mo padà jókòó. Kì í ṣe òun ló yẹ kí n sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọ aṣọ tó dára jù tí mo ní. Bàbá Shalom gbàdúrà fún mi, Ìyá mi náà ti ránṣẹ́ láti àná pé àwọn ti bá Ọ̀ṣun sọ ọ́. Mo ṣe àmín sí méjèèjì.

Sikirat jókòó lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo sì dáhùn pé kò ṣeé ṣe. Mo ní irọ́ ni. Mátíróònù sọ ohun tí a bá lórí kọ̀ǹpútà Barnabas. Àlúfáà ní ìyẹn kò fi hàn pé Sikirat kọ́ ló fún un ní páswọ́ọ̀dù, nítorí ẹ̀rọ kì í dédé sọ àṣírí ènìyàn.

Mo ní kí Dókítà Àgbà jọ̀ọ́ lọ sí yàrá kejì, kí Àlúfáà bá wọn lọ, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ti ṣí ojú ewé kan síbẹ̀ tó ń lo Bésíìkì, fún òní nìkan. Mo ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan síbi tí ó bá ti béèrè páswọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni létí, kí Àlúfáà náà kọjú sí ibòmíràn. Èmi jókòó níwájú Mátíróònù àti gbogbo ènìyàn, mo fetí sí wáyà.

Ó jáde. Mo tú u. Mo wò ó.

Àkànjí ni.

Ẹnu mi kò lè pè é. Báwo ni n óò ṣe pe oríkì ọ̀gá mi, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ní gbangba bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn? Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo ká a, nígbà tí wọ́n padà wọlé mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Wọ́n ṣí i. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n bọ́ awò wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yàtọ̀. Wọ́n ní, "Ìyá mi tó jẹ́ ará Òṣogbo nìkan ló ń pè mí báyìí. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti lọ."

Àlúfáà na ọwọ́ kí òun náà wò ó. Dókítà Àgbà ká bébà náà, wọ́n tì í sínú àpò àyà.

Mo ní kí wọ́n padà lọ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lórí ojú ewé tí ilé ìwòsàn ń lò báyìí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ ló gba orí wáyà kọjá, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Mo tẹ méjèèjì jáde, mo gbé wọn fún Àlúfáà, mo ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ Dókítà nínú rẹ̀ fún wa. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó.

Dókítà Àgbà dìde. Wọ́n rìn kọjá gbogbo wa lọ bá Sikirat níbi ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ṣẹ̀ ọ́. Ọjọ́ Ajé, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ." Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Sikirat fi gèlè bo ojú.

Wọ́n fún èmi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n ní yóò wà nínú fáìlì mi. Mo fọwọ́ sí i. Ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo jáde láti wá Sikirat, ó ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹwàá

Oòrùn ràn lónìí. Mo ti pa gbogbo páswọ́ọ̀dù àtijọ́ rẹ́, àwọn tí èmi fúnra mi pín fún wọn lọ́dún tó kọjá, kí kálukú wá mú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti agogo méje ni wọ́n ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà mi. Agogo mẹ́sàn-án ni Sikirat wọlé, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní ẹ káàárọ̀, mà. Ìyẹn nìkan. Mo dìde kúrò lórí àga fún un.

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, kò tẹ nǹkan kan. 

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kọjú sí ògiri."

Mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó gùn. Ó dúró, ó tún un tẹ̀ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Omi ti ń bọ́ lójú mi, n kò gbé ọwọ́ nù ún kí ó má baà mọ̀.

Ó ní, "Mo ti ṣe tán. Ẹ lè yíjú padà."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i.

Mo gbọ́ tí àga rọ́ sẹ́yìn. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ kan tèmi. Ó ní, "Ẹ yíjú padà jàre, mà. Aláboyún méjì ń dúró dè mí, ẹ̀yin náà sì ní èrò lẹ́nu ọ̀nà."